Ẹsẹ̀ Àlejò ní Lẹ́kkí

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń mọ ìlú. Bí arìnrìn-àjò kan bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ka ilẹ̀ Lẹ́kkí bí ìwé, kí ni yóò rí kà? Ẹrù ni wọ́n kọ́ èbúté ńlá tí a ṣí níbẹ̀ ní 2023 fún, kì í ṣe àlejò. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ àná. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó sí, ó sì ń ti èbúté Lẹ́kkí àti Palma ṣòwò.

Ní ìkángun kejì, ní ìhà Ajah, a rí ọgbà ìdáàbòbò igbó tí a dá sílẹ̀ ní 1990. Afárá orí igi inú rẹ̀ gùn tó mítà 401. Owó ni a fi ń gùn ún. Lẹ́yìn ọgbà, níbi tí kò bá sí afárá, ńṣe ni ẹlẹ́sẹ̀ ń sáré sọdá títì márosẹ̀ bí olè. Ìlú tí ó ń ta ìrìn fún àlejò, tí ó ń fi í du ọmọ onílé, ìwé tí èèpo rẹ̀ ń dán ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí.