Ọ̀rọ̀ Ṣáájú Ohùn: Àgbéyẹ̀wò Orin ‘Amarilli’ Lẹ́nu Cecilia Bartoli

Àwọn kan yóò béèrè ohun tí orin Ítálì ń wá nínú ìwé ìròyìn Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní sá fún un. Àríyànjiyàn tí ó wà nídìí orin tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa rárá: nínú orin, èwo ni ọ̀gá, ṣé ọ̀rọ̀ ni tàbí ohùn? Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orin ìsìn tí a kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn òyìnbó, tí ‘igbá’ di ‘ìgbà’ lẹ́nu àwọn akọrin, mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe eré.

Giulio Caccini ni ó ṣẹ̀dá orin náà. Akọrin ni ní ààfin ìdílé Medici ní ìlú Florence, ó sì wà lára àwọn tí ń pé jọ sí ilé Giovanni de’ Bardi láti jíròrò lórí bí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ṣe ń fi orin gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ní 1602 ni ó tẹ ìwé orin rẹ̀, Le nuove musiche, jáde. Inú rẹ̀ ni ‘Amarilli, mia bella’ wà. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, ó ní ọ̀rọ̀ ni àkọ́kọ́, ìwọ̀n àkókò ni ó tẹ̀lé e, ohùn ni ó kẹ́yìn. Inú rẹ̀ kò dùn sí àwọn akọrin ìgbà rẹ̀ tí wọ́n máa ń fa ohùn lọ fa ohùn bọ̀ lórí sílébù kan ṣoṣo, títí ohun tí akéwì wí yóò fi sọnù mọ́ olùgbọ́ lọ́wọ́.

Orin náà kò gùn. Ọkùnrin kan ni ó ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kí ó má ṣe ṣiyèméjì nípa ìfẹ́ òun. Bí ó bá sì ń ṣe é, kí ó la àyà òun wò, orúkọ rẹ̀ ni yóò bá lára ọkàn òun. Apá méjì ni orin náà ní, a sì máa ń kọ apá kejì lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ kì í fò kiri. Ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé ẹsẹ̀ kan ni ó ń rìn, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni Caccini kọ sí abẹ́ rẹ̀ fún ohun èlò. Ẹni tí ó ń lu ohun èlò náà ni yóò fi ọgbọ́n orí fi ìyókù kún un.

Rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo ń sọ ni èyí tí Cecilia Bartoli ṣe fún ilé-iṣẹ́ Decca, tí ó jáde ní 1992, tí György Fischer, ará Hungary, lu píánò sí. Ọmọ ìlú Róòmù ni Bartoli. Ní 1966 ni a bí i, akọrin sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n mọ́ ohùn tí ó lè sáré bí ẹṣin. Nínú orin yìí, kò sáré rárá. Ó ń kọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó jókòó tì í, tí kò sì fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́.

Níbi tí wọ́n ti pe orúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra ni ọlá orin náà wà. Akọrin mìíràn a máa fi ohùn gíga pè é bí ẹni tí ń pe ọmọ rẹ̀ wálé lóko. Bartoli kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni ó fi ń pè é, èémí rẹ̀ sì ń bá orúkọ náà jáde. Caccini fúnra rẹ̀ kọ́ni pé kí akọrin máa dín ohùn kù lẹ́yìn tí ó bá ti gbé e, kí ó tún wá fún un lágbára. Ó tún ní kí akọrin má ṣe jẹ́ ẹrú ìwọ̀n àkókò. Ó pe ìwà náà ní sprezzatura, èyí tí í ṣe àìka-nǹkan-sí tí ó ní ọlá nínú. Ẹ fetí sí bí Bartoli ṣe ń fa àkókò díẹ̀ tí ó sì ń dá a padà, ẹ ó rí i pé ó mọ ohun tí bàbá náà ń wí.

Mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù yìí, píánò ni mo sì ń bá ṣe é. Kò sí píánò láyé nígbà tí Caccini kọ orin náà. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Bartolomeo Cristofori ṣe é, ní ìlú Florence kan náà. Chitarrone ni Caccini yìn, ohun èlò olókùn tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí a ń fi ìka ta. Bí a bá ti ta á, ìró rẹ̀ a tètè rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì rí àyè jókòó. Ìró píánò kì í tètè lọ. Fischer lu tirẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, n kò bá a wí. Síbẹ̀, àwọn ibi kan wà tí a fi tìmùtìmù sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó dá dúró.

Mo jókòó níbi ìdíje orin kan nígbà kan rí, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ orin yìí kan náà. Ohùn rẹ̀ mi gbọ̀ngàn, a pàtẹ́wọ́, ó sì gba ẹ̀bùn. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo délé ni mo rántí pé n kò gbọ́ orúkọ obìnrin náà kí ó já geere lẹ́ẹ̀kan. Èdè Ítálì kì í ṣe èdè olóhùn bí tiwa. Sílébù tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ìyẹn ‘ril’ nínú Amarilli. Bí akọrin bá ṣì í tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣá, ṣùgbọ́n kò ní di ọ̀rọ̀ mìíràn. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olóògbé T. K. E. Phillips, tí ó lu dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì Katidira Kristi ní Èkó, fi ìwé rẹ̀ ti 1953 lórí orin Yorùbá jíròrò bí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ wa ṣe jẹ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí gbé ìwé Phillips sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó gbé ọ̀rọ̀ ìṣáájú Caccini sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìparí orin náà ni ó kù. Lórí ọ̀rọ̀ ‘ìfẹ́’ tí ó kẹ́yìn, Caccini gbà kí ohùn sáré díẹ̀, ó sì kọ gbogbo ìró rẹ̀ sílẹ̀ kí akọrin má baà fi tirẹ̀ kún un. Ibẹ̀ ni mo ti ń retí pé Bartoli yóò fi agbára rẹ̀ hàn wá. Ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó mí kanlẹ̀, mo sì ní láti súnmọ́ ẹ̀rọ náà kí n tó lè gbọ́ ọ tán.