Ọkùnrin tó gbé ohùn obìnrin wọ̀

Láyé Ọbabìnrin Victoria, Mary Ann Evans fi orúkọ ọkùnrin bojú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pe ara rẹ̀ ní George Eliot. L'Ékòó, òdìkejì ni Isaac B. Thomas ṣe. Láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930, lẹ́tà obìnrin kan, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ń jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn Thomas fúnra rẹ̀. Arẹwà àná ni, tó ti ní ẹgbẹ̀rún ọkọ, àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ débi pé ẹnìkan fi owó ránṣẹ́ sí i. Thomas ló sì ń kọ gbogbo rẹ̀ o!

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ jù ni orúkọ tí kò dá. Sẹ̀gilọlá kì í jẹ́ ká mọ àwọn ọkùnrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò Èkó ń bẹ níbẹ̀ kedere, orin tó lòde nígbà èwe rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ta ni yóò rò pé irọ́ ni, nígbà tí òun náà ti kọ orin ọ̀hún rí? Òpùrọ́ lásán ì bá ti to orúkọ jọ bí ẹni to àgbàdo.

Mo ka lẹ́tà kan sókè fún ìyá àgbà wa ní Bódìjà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti ń mí kanlẹ̀ níbi tí Sẹ̀gilọlá ti ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àfi bí màmá ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, irú ẹkún wo nìyẹn? Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń pọ́n ara ẹ̀ lé ni?"

Mo padà kà á, mo rí i. Bó bá ti ní ká má ṣe bí òun, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn aṣọ, ẹwà àti bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ìwàásù ni Thomas gbé síwájú, ṣùgbọ́n ó fi obìnrin náà sílẹ̀ kó máa gbádùn ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó sọ ọ́ di ènìyàn nìyẹn. Ìrònúpìwàdà nìkan ì bá ti sú wa ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Karin Barber, onímọ̀ nípa èdè àti àṣà Yorùbá, tún àwọn lẹ́tà náà tẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 2012, Yorùbá wọn wà níbẹ̀ lódindi. Bó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má fojú lásán kà á. Ẹ pe àgbàlagbà kan jókòó, kí ẹ kà á sókè.