Òkúta Ìpọ́n àti Bẹ́líìtì

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó rọ ọ́ ni iyì rẹ̀ ń bá lọ, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé tí ń rọ̀bẹ ní Amẹ́ríkà kò sì gbẹ́yìn nínú iyì náà, nídìí ẹ̀rọ tí ń fá irin tẹ́jú, níbi tí mágínẹ́ẹ̀tì ti di irin mú bí ìgbín ti í lẹ̀ mọ́ igi. Òkúta yíyípo ni àgbà nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ó lè fá irin tẹ́jú dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Ṣùgbọ́n onínúfùfù ni, bí omi kò bá máa ṣàn sí i, irin yóò gbóná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí aró, líle rẹ̀ yóò lọ, èyí tó bá sì fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀ yóò ká kò. Bẹ́líìtì onísánpépà, íǹṣì 2 ní fífẹ̀ àti 72 ní gígùn, yára, kì í sì tètè mú irin gbóná, àmọ́ rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa tẹ̀, kì í sì fá irin tẹ́jú tó òkúta. Lójú tèmi, bẹ́líìtì tó fún ọ̀bẹ lásán. Ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ tí a ń ká sínú èkù, kí ó má ta òkúta rẹ̀.