Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ orílẹ̀-èdè kan, ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ìwé kan wà tí a kì í kà mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń pinnu irú ayé tí ẹni tí ó ń kọ ewì àti ẹni tí ó ń kà á yóò gbé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni. Ní tèmi, ó yẹ kí a máa ka ìwé òfin bí a ti ń ka iṣẹ́ ọnà ọlọ́rọ̀ yòókù: kí a wo ibi tí òǹkọ̀wé ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ibi tí ó ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́, àti ibi tí ó ti fi ọwọ́ kan fúnni tí ó sì fi ọwọ́ kejì gbà á padà. Ìwé òfin Fílípìnì ti ọdún 1987 ni mo fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wò nínú àròkọ yìí, pàápàá àwọn abala tí ó dá ẹ̀ka aláṣẹ àti ẹ̀ka aṣòfin sílẹ̀.

Ìwé kì í ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀; ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó bí èyí. Fílípìnì jẹ́ orílẹ̀-èdè erékùṣù tí ó ju 7,000 lọ ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Ó lo ohun tí ó ju 300 ọdún lọ lábẹ́ Sípéènì. Amẹ́ríkà gbà á ní ọdún 1898, kò sì fún un ní òmìnira títí di ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje, ọdún 1946. Lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ àṣà kí Ààrẹ dá dúró, kí ilé aṣòfin méjì dá dúró, kí ẹ̀ka kan sì máa ṣọ́ èkejì. Ferdinand Marcos di Ààrẹ lẹ́yìn ìbò ọdún 1965, ó sì tún wọlé ní 1969. Òfin ìgbà náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni lò ju ọdún mẹ́jọ léraléra lọ lórí àléfà. Kí sáà kejì rẹ̀ tó parí, ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1972, ó kéde ìjọba òfin ológun, ó ti ilé aṣòfin pa, ó sì kó àwọn alátakò sí àtìmọ́lé. Ọ̀kan nínú wọn, Benigno Aquino tí ó jẹ́ aṣòfin àgbà, ni wọ́n yìnbọn pa ní pápá ọkọ̀ òfurufú Manila ní ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 1983, bí ó ti ń ti Amẹ́ríkà bọ̀. Ní oṣù Kejì, ọdún 1986, lẹ́yìn ìbò tí èrú kún inú rẹ̀, èrò rọ́ kún òpópónà EDSA fún ọjọ́ mẹ́rin. Marcos sá lọ sí Hawaii. Corazon Aquino, opó ẹni tí wọ́n pa, gorí àléfà. Òun ni ó yan ìgbìmọ̀ tí ó kọ ìwé òfin tuntun, àwọn ará ìlú sì dìbò fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, ọdún 1987.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn òǹkọ̀wé yìí ṣe kọ abala keje, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ka aláṣẹ. Ààrẹ yóò lo ọdún mẹ́fà péré, kò sì ní tún díje fún ipò náà mọ́ láé. Igbákejì rẹ̀ yóò gba ìbò tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ó lè wá láti inú ẹgbẹ́ mìíràn. Bí Ààrẹ bá kéde òfin ológun, 60 ọjọ́ ni kò gbọdọ̀ kọjá. Láàárín wákàtí 48 ni ó gbọdọ̀ jíṣẹ́ fún ilé aṣòfin. Ilé méjèèjì lè jókòó pọ̀ kí wọ́n fagi lé e, Ààrẹ kò sì lè yí ìpinnu wọn padà. Ará ìlú kan ṣoṣo lè pe ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì gbọdọ̀ dá a láàárín 30 ọjọ́. Ẹ wo bí nọ́ńbà ti pọ̀ tó! Àpá ọgbẹ́ ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń kọ̀wé níhìn-ín mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ ìwọ̀n kọ́kọ́rọ́ tí yóò tì í mọ́ ìta.

Abala kẹfà, tí ó jẹ́ ti ẹ̀ka aṣòfin, kò rí jákujàku bákan náà. Àwọn aṣòfin àgbà jẹ́ 24, gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò dìbò yàn wọ́n. Ọdún mẹ́fà ni sáà wọn, a ó sì máa yan méjìlá nínú wọn ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ lò ju sáà méjì léraléra lọ. Ọdún mẹ́ta ni sáà àwọn aṣojú-ṣòfin, wọn kò sì gbọdọ̀ lò ju mẹ́ta léraléra lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún wọn yóò ti inú àkójọ orúkọ ẹgbẹ́ wá, kí àwọn tí kò lẹ́nu láwùjọ lè rí ẹnu sọ̀rọ̀. Bí Ààrẹ bá kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ di òfin lẹ́yìn rẹ̀. Ààfin Malacañang tí Ààrẹ ń lò wà létí odò Pasig ní Manila. Àwọn aṣojú-ṣòfin ń jókòó ní Quezon City, nínú gbọ̀ngàn tí Marcos kọ́ fún ilé aṣòfin ti ara rẹ̀. Láti ọdún 1997 ni àwọn aṣòfin àgbà ti lọ ń háyà ilé ní Pasay.

Títí dé ibí yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀mọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, sí abala kejì, ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ó ní ìjọba yóò rí i dájú pé ọ̀nà iṣẹ́ ìlú ṣí sílẹ̀ fún tolórí tẹlẹ́mù, yóò sì ka ìṣèlú àjogúnbá léèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin bá ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbólóhùn yìí lágbára: ó léèwọ̀. Ìrù rẹ̀ ni ó já sí asán. Ta ni yóò ṣe òfin tí yóò túmọ̀ èèwọ̀ náà? Ilé aṣòfin ni. Àwọn wo ni ó kún ilé aṣòfin? Àwọn ọmọ, aya, ọkọ àti àbúrò àwọn tí èèwọ̀ náà ń bá wí.

Ẹnìkan lè sọ pé kò rọrùn láti fi òfin wọn okùn ẹbí. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni yóò dá a lóhùn. Nínú abala ti ẹ̀ka aláṣẹ, ó sọ kedere pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ yan aya tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí ìbátan rẹ̀ títí dé ìpele kẹrin, sí ipò mínísítà àti àwọn ipò ńláńlá mìíràn. Wọ́n mọ ẹbí í kà nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ipò tí Ààrẹ ń pín. Nígbà tí ó kan ipò tí à ń dìbò sí, wọ́n gbé ìṣirò náà fún àwọn tí yóò pàdánù bí ó bá pé. Àwọn àgbà wa ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Kí ni ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ẹ wo àgbègbè ìdìbò kejì ní Pampanga. Láti 2004 di 2010, Juan Miguel Arroyo ni ó ń ṣojú wọn. Ní 2010, ìyá rẹ̀, Gloria Macapagal Arroyo, tí ó ti jẹ́ Ààrẹ láti 2001, tí ó tún jẹ́ ọmọ Ààrẹ àtijọ́ Diosdado Macapagal, gba àga náà. Ó lo sáà mẹ́ta tí òfin gbà. Ní 2019 ọmọ padà sórí àga. Ní 2022 ìyá tún gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Òfin sáà mẹ́ta kò lé ẹbí náà kúrò; ó kàn kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa fi àga lé ara wọn lọ́wọ́ ni. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2025, mẹ́jọ nínú àwọn aṣòfin àgbà 24 jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì-méjì: Alan Peter àti Pia Cayetano, Mark àti Camille Villar, Raffy àti Erwin Tulfo, pẹ̀lú JV Ejercito àti Jinggoy Estrada tí Ààrẹ àtijọ́ Joseph Estrada bí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ilé náà nìyẹn.

Kò yẹ kí a rò pé Marcos ni ó dá àrùn yìí sílẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣètò ìbò ilé aṣòfin àkọ́kọ́ ní ọdún 1907, ọkùnrin tí ó ní dúkìá, tàbí tí ó ti di ipò mú lábẹ́ Sípéènì, tàbí tí ó mọ èdè Sípéènì tàbí Gẹ̀ẹ́sì í kà tí ó sì lè kọ ọ́, nìkan ni ó lè dìbò. Àwọn ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ ni ó bá ẹnu ọ̀nà náà wọlé. Manuel Roxas di Ààrẹ ní 1946. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Mar Roxas, díje fún ipò kan náà ní 2016. Àwọn tí ó kọ̀wé lẹ́yìn 1986 ń ṣọ́ ẹnìkan ṣoṣo tí ó jí ilé gbé, wọn kò ṣọ́ àwọn tí ó ti ń gbé inú ilé náà kí ó tó dé. Ibí yìí ni àbùkù ńlá ìwé náà wà lójú tèmi: ó ti ilẹ̀kùn mọ́ apàṣẹwàá, ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ẹbí rẹ̀. Ní ọdún 2022, ọmọ Marcos, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú baba rẹ̀, di Ààrẹ nípa ìbò. Imee ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nílé aṣòfin àgbà láti 2019. Martin Romualdez, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, di abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin. Igbákejì Ààrẹ sì ni Sara Duterte, ọmọ Ààrẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

Ìpalára rẹ̀ kò mọ sí pé àga di ogún. Ohun tí ó bàjẹ́ ni ìṣọ́ tí ẹ̀ka kan yẹ kí ó máa ṣọ́ èkejì. Àwọn ará Fílípìnì ní orúkọ méjì tí ó wú mi lórí. Wọ́n ń pe olóṣèlú tí ó ń yí ẹgbẹ́ padà ní balimbing, ìyẹn èso kan tí ó ní ojú púpọ̀ lára. Wọ́n ń pe olóṣèlú ayé àtijọ́ ní trapo, èyí tí ó tún jẹ́ orúkọ àkísà ìnulẹ̀. Nígbà tí Rodrigo Duterte wọlé ní 2016, àwọn aṣojú-ṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ aṣojú fi rọ́ lọ bá a. Ilé tí ó yẹ kí ó ṣọ́ ààfin di ẹ̀yìnkùlé ààfin. Àfi bí ìjà ẹbí bá dé ni ìṣọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìrẹ́pọ̀ Marcos àti Duterte tú ká ni Ilé Aṣojú-ṣòfin tó fi ẹ̀sùn ìyọnípò kan Igbákejì Ààrẹ ní oṣù Kejì, ọdún 2025. Ní oṣù Keje ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ẹ̀sùn ọ̀hún kò bá òfin mu. Ìlú tí ó ń dúró de ìjà àwọn ọlọ́lá kí ó tó rí òtítọ́, òtítọ́ díẹ̀ ni yóò rí.

Mẹ̀kúnnù ni ó ń san owó rẹ̀. Ní 2025 ni àṣírí tú pé nínú àwọn iṣẹ́ ìdènà omíyalé tí ìjọba ti náwó lé lórí, òmíràn kò dára, òmíràn kò tilẹ̀ sí rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án, Romualdez fi ipò abẹnugan sílẹ̀ nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, ó sì ní ọwọ́ òun mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, ọjọ́ tí ó wà lórí ìkéde òfin ológun Marcos baba, èrò tún kún òpópónà EDSA.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fèsì. Wọn yóò ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Wọn yóò ní kò sí ẹni tí ó fi ipá gbé àwọn ẹbí yìí wọlé, ìbò ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Corazon Aquino pàápàá, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n yíyàn kò tíì di yíyàn nígbà tí ó bá jẹ́ pé ẹbí kan ni ó ni owó, tí ó ni orúkọ, tí ó sì ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ìjọba ń gbà dé abúlé. Àwọn aṣòfin fúnra wọn sì ti jẹ́rìí ta ko ara wọn. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣe òfin ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀dọ́ tí ó bá jẹ́ ìbátan ẹni tí ó wà nípò ní àgbègbè náà, títí dé ìpele kejì, kò gbọdọ̀ díje. Wọ́n ti rí ìtumọ̀ tí wọ́n ní ó ṣòro! Ọrùn àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé e kọ́.

Ààrẹ Benigno Aquino Kẹta, ọmọ Corazon, bẹ ilé aṣòfin ní ọdún 2015 pé kí wọ́n ṣe òfin náà fún gbogbo ipò. Wọn kò ṣe é. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2025, Ààrẹ Marcos bẹ̀ wọ́n bákan náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé kan, tí ọmọ rẹ̀ Sandro sì ń darí ọ̀pọ̀ aṣòfin nílé kejì. Títí ọdún náà fi parí, èèwọ̀ 1987 kò tíì ní òfin tí ó túmọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé náà kò fi ará ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo pátápátá. Nínú abala ẹ̀ka aṣòfin kan náà, ẹsẹ kan wà tí a kì í sábà kà. Ó gbà kí ará ìlú fúnra wọn dábàá òfin, bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí i, tí ó sì kan ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni, ní orílẹ̀-èdè tí omi pín sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún erékùṣù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ọwọ́ mìíràn yàtọ̀ sí ọwọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ní ọdún 1986, ọwọ́ àwọn ará Fílípìnì tẹ èèkù idà fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì dá a padà fún àwọn onílé. Ẹsẹ tí mo tọ́ka sí yìí ni èèkù tí ó kù.