Ọwọ́ Tó Mọ Ibi Tí Yóò Dúró

Ẹ̀rọ ìlọta ló jí mi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, mo sì kọ́kọ́ rò pé ilé ni mo wà, nítorí ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tó ń bá àwọn ìyá àdúgbò wa lọ ọ̀gì: á wúkọ́, á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Abúlé kan lẹ́bàá Valladolid ni mo wà, ní Yucatán, ní Mẹ́síkò. Àwọn obìnrin tó tò níwájú ẹ̀rọ náà gbé korobá àgbàdo dání, èdè Maya ni wọ́n sì fi ń bára wọn ṣàwàdà.

Àwa mọ́kànlá la jọ rin ìrìn-àjò náà fún ọjọ́ mẹ́fà, pẹ̀lú amọ̀nà kan. Oúnjẹ àwọn Maya la bá lọ. Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ràn irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dà mí kiri bí àgùntàn, kó máa nawọ́ sí nǹkan, kó ní kí n yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n amọ̀nà tiwa mọ iṣẹ́. Ọmọ Mérida ni, èdè Maya ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, ó gbọ́ Sípáníìṣì, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun panu mọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, kò mú wa lọ sílé oúnjẹ kankan. Ọjà Lucas de Gálvez ní Mérida ló kó wa lọ, ó dá wa dúró níwájú àwọn tó ń ta recado. Èlò ọbẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀ tó sì ki ni recado. Wọ́n mọ ọ́n bí òkìtì sórí àtẹ. Pupa wà níbẹ̀, ó rí bí osùn; hóró achiote ló jẹ́ kó pọ́n bẹ́ẹ̀. Dúdú náà wà, ọmọ Yorùbá tó bá rí i yóò bèèrè pé èló ni wọ́n ń ta ọṣẹ dúdú. Amọ̀nà ní ká gbóòórùn méjèèjì, ká má tíì tọ́ wọn wò. Kò ṣàlàyé kankan sí i. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kí imú wa ti mọ nǹkan náà kí ojú wa tó rí bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀. Bákan náà, nígbà tá a dé Maní, ìlú tí àlùfáà Diego de Landa ti dáná sun àwọn ìwé Maya ní oṣù keje ọdún 1562, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fi sọ ìtàn náà. Lẹ́yìn náà ó ní ká wá jẹun.

Ìyá tó gbà wá lálejò ní abúlé, Doña ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí àwa ṣe ń pe àgbà ní Màmá. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é ní chiich, ìyá àgbà. Òkúta mẹ́ta ni ààrò rẹ̀, mẹ́ta géérégé, bí ààrò ìyá tó bí ìyá mi.

Àgbàdo tí wọ́n ń lọ̀ láàárọ̀ yẹn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Doña da àgbàdo sínú omi lórí iná, ó wá bu cal sí i, ìyẹn òkúta funfun tí wọ́n ti sun, tó ti di lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun. Kò wọ̀n ọ́n. Ó fi igbá kékeré bù ú, ó wò ó, ó dá díẹ̀ padà. Bí cal bá pọ̀ jù, oúnjẹ á korò. Bí àgbàdo bá pẹ́ jù lórí iná, á máa fà bí oje, kò ní ṣeé mọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bu hóró kan, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra á. Èèpo rẹ̀ bọ́ bí awọ ejò. Lójú ẹsẹ̀ ló yọ igi kúrò lábẹ́ ìkòkò, ó sì fi àgbàdo sílẹ̀ sínú omi náà di ìdájí. Èmi wo aago mi. Òun ò wo nǹkan kan.

Cal yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Òun ló ń tú fítámì kan tí wọ́n ń pè ní niacin sílẹ̀ nínú àgbàdo kí ara lè rí i lò. Nígbà tí àgbàdo kúrò ní ilẹ̀ yìí lọ sí Yúróòpù lẹ́yìn 1492, hóró ni wọ́n kó lọ, wọn ò kó ọgbọ́n ìdáná rẹ̀. Àwọn tálákà àríwá Ítálì tí wọn ò rí ohun mìíràn jẹ tó àgbàdo wá ń ṣàìsàn pellagra: awọ ń bó, orí ń dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà títí wọ ọ̀rúndún ogún. Àwa ní tiwa rẹ ẹ́, a jẹ́ kó kan, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ di ọ̀gì. Ẹnu ọ̀nà mìíràn la gbà wọlé sí àgbàdo kan náà.

Nígbà tí Doña ti ilé ẹ̀rọ dé, ó jókòó sídìí tábìlì kékeré kan tí kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ó bu àgbàdo lílọ̀ tó tó ẹyin adìyẹ. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ń lù ú pẹ́pẹ́pẹ́. Ọwọ́ òsì kò lu nǹkan kan, ó kàn dúró bí ọgbà létí rẹ̀ kí etí má baà ya, ewé abẹ́ rẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Kí ènìyàn tó ka ogún, ó ti fẹ̀, ó ti rí róbótó, ó ti fẹ́lẹ́. Ó gbé e sórí agbada pẹlẹbẹ. Ojú kìíní kò pẹ́. Ó yí i, ojú kejì pẹ́ díẹ̀. Ó tún yí i padà, tortilla náà sì mí sínú, ó wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Wíwú yẹn ni ẹ̀rí pé cal pé, omi pé, iná pé. Awọ òkè tó gbéra yẹn náà ni wọ́n ń là láti ti ẹ̀wà dúdú bọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe panucho. Tortilla tí kò wú kò lè di panucho láéláé.

Tèmi rí bí etí erin. Ó lẹ̀ mọ́ ewé, ó ya. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ Doña rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá náà sọ̀rọ̀, amọ̀nà sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: “Ó ní ẹ̀ ń bá a jà. Ó ní kí ẹ kàn máa kí i.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ṣe papadzul, ibẹ̀ ni mo sì ti sún àga mi mọ́ ọn. Hóró elégédé ló fi ń ṣe é, sikil lédè wọn. Ó yan án títí ó fi wú tó sì ń ta pàrà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó pupa. Ó lọ̀ ọ́ kúnná. Ó ti bọ ewé olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní epazote, ó wá ń fi ìka wọ́n omi ewé náà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sórí sikil lílọ̀, ó ń pò ó, ó ń fún un. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkan kan. Ó tún wọ́n omi, ó tún fún un. Lójijì ni ojú rẹ̀ ń dán, tí òróró tútù yọ̀yọ̀ bí ewé tuntun ń sun jáde láàárín ìka rẹ̀, tó ń kán sínú àwo. Gbogbo rẹ̀ kò ju ṣíbí mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí rí mọ ohun tí mò ń sọ: omi díẹ̀ ni, ọwọ́ púpọ̀ ni.

Ó po ìyókù rẹ̀ pẹ̀lú omi epazote títí ó fi di ọbẹ̀ tó ń ṣàn. Ó ri tortilla bọ̀ ọ́, ó fi wé ẹyin sísè, ó da ọbẹ̀ tòmátò lé e, ó wá kán òróró yẹn sórí rẹ̀ níkẹyìn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọbẹ̀ náà bá hó pẹ́rẹ́, ó ti dì nìyẹn, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Nílé wa, ẹ̀gúsí tí kò bá dì ni ìyàwó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀.

Mo jáde lọ na ẹsẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, mo sì bá ojúlùmọ̀ pàdé níbẹ̀: ẹ̀fọ́ Ìyánà Ìpájà! Wọ́n ní chaya ni. Wọn kì í jẹ ẹ́ ní tútù nítorí oró inú rẹ̀, àfi kí wọ́n sè é dáadáa. Ilẹ̀ yìí ni orírun rẹ̀, àwa la lọ fi orúkọ ibùdókọ̀ Èkó pè é.

Ibi tí ọwọ́ tèmi ìbá ti kọ́kọ́ kùnà ni recado dúdú. Ẹni tó kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè kọ́ mi pé ata tó bá jóná, ẹ dà á nù. Doña kó ata gbígbẹ jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ní ká bọ́ sí apá kejì, ó sì dáná sun ún. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jó o. Èéfín náà lọ síbi tó yẹ kó lọ, síbẹ̀ mẹ́ta nínú wa ń wúkọ́. Ata pọ́n, ó ṣú, ó dúdú kirikiri. Bó bá kọjá ibẹ̀ díẹ̀, eérú ni. Ibẹ̀ gan-an ló ti da omi lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń rẹ ẹ́, tó ń ṣàn án, tó tún ń ṣàn án, kí kíkorò rẹ̀ lè lọ, kó tó kan ọlọ àti èlò mìíràn. Tòlótòló la fi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, relleno negro. Ọbẹ̀ tó dúdú bí òru, tí adùn iná wà nínú rẹ̀ láìsí kíkorò. Ìgbà yẹn ni mo rántí òkìtì ọjà Mérida, mo sì bojú wo amọ̀nà wa. Ó ń jẹun tirẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ la dé ìdí píib, ihò tí wọ́n ń sun oúnjẹ sí. Ẹlẹ́dẹ̀ ni Doña fẹ́ sun, cochinita pibil. Àwọn ará Sípéènì ló kó ẹlẹ́dẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn náà ló kó ọsàn kíkan tí wọ́n fi ń pò ó dé. Kí wọ́n tó dé, àgbọ̀nrín àti tòlótòló làwọn Maya ń sin sínú ihò náà. Àwọn kan nínú wa ń wá oúnjẹ “àbáláyé gidi”, inú wọn kò dùn sí ìtàn yìí. Èmi rò pé ihò ni àbáláyé, ẹran kàn ń yà síbẹ̀ ni. Ní Yaxunah, tí kò jìnnà sí Chichén Itzá, obìnrin alásè kan, Rosalia Chay Chuc, ń sun irú cochinita bẹ́ẹ̀. Netflix gbé e jáde lọ́dún 2020 nínú Chef's Table: BBQ.

Àwọn ọmọkùnrin ilé ti gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún, wọ́n to igi sí i, wọ́n to òkúta lé igi lórí. Igi jó wálẹ̀, òkúta sì pọ́n. Doña ń ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú iná kó má baà fọ́, bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ó tẹ́ ewé, ó kó ẹran tó ti fi recado pupa àti omi ọsàn kíkan pò sí i, ó pọ́n ọn. Ó wá ki ìka bọ omi tó ṣẹ́kù nínú àwo, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ nílé wa á kán an sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á fi iyọ̀ sí i, á tún lá a. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, á tún un ṣe kó tó gbé e kalẹ̀. Oníhò kò ní àǹfààní yẹn. Tí erùpẹ̀ bá ti bò ó, kò sí iyọ̀, kò sí omi, kò sí ríro. Ohun gbogbo tó mọ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ inú ewé kó tó dé e.

Wọ́n gbé e lé òkúta, wọ́n fi ẹ̀ka igi tútù bò ó, wọ́n fi páànù dé e, wọ́n wa erùpẹ̀ lé e. Èéfín tín-ín-rín kan yọ lápá kan. Doña nawọ́ sí i, ọmọkùnrin kan bu erùpẹ̀ dí i. Òmíràn yọ. Wọ́n dí i. Ó yí ihò náà ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, ó sì lọ sùn.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n hú u. Mi ò ní gbìyànjú láti sọ bí òórùn yẹn ṣe rí. Ẹran náà kò nílò ọ̀bẹ, àlùbọ́sà pupa tí wọ́n ti rẹ sínú omi ọsàn kíkan ló bá a rìn. Ata wà lọ́tọ̀ nínú àwo kékeré, xnipec, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ imú ajá, torí ẹni tó bá jẹ ẹ́, imú rẹ̀ á tutù bíi ti ajá. Habanero ló wà nínú rẹ̀, irú kan náà pẹ̀lú ata rodo wa. Mo bù ú bí ọmọ ilé. Doña bèèrè ohun tí wọ́n ń pè é níbi tí mo ti wá. Mo ní ata rodo. “Rodo,” ló wí, ó tún wí i, “rodo,” amọ̀nà sì rí i pé kò sí ohun tí òun fẹ́ túmọ̀.

Gbogbo wa ń jẹ, a ń kígbe, àwọn kan ti ń bèèrè iye wákàtí tó lò lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń wo Doña bóyá yóò tọ́ ẹran náà wò. Kò tọ́ ọ wò. Ó gbé agolo cal láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó lọ gbé àgbàdo ọ̀la kaná.