Orúkọ Ẹni Nínú Ìwé tí a So Pọ̀: Àríwísí Kan Láti Avrankou

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní ayé àtijọ́, ẹnu ni a fi ń pe orúkọ, etí ni a sì fi ń gbọ́ ọ. Bí ẹnìkan bá ṣì í pè, ẹni tí ó ni ín lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Lóde òní, orúkọ ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Láti inú ọ̀kan ni ó sì ń lọ sínú òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹnu pè é. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé ó kan àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin nípa ìdánimọ̀ àwọn ènìyàn. Láti oṣù kọkànlá ọdún náà títí wọ inú ọdún 2018 ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ káàkiri láti kọ orúkọ àwọn ará ìlú, láti ya àwòrán wọn, àti láti gba àmì ìka wọn. RAVIP ni a pe ètò náà. Ilé iṣẹ́ ANIP ni ó ń tọ́jú ìwé ńlá yìí, tí ó sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní NPI. Ní ọdún 2020, ojúkò kan tí a ti ń béèrè iṣẹ́ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ará Estonia, tí wọ́n ti ń lo ètò X-Road láti ọdún 2001, ni wọ́n bá wa gbé ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a dìbò yan àwọn aṣòfin ní oṣù kìíní ọdún 2023, inú ìwé ANIP ni a ti yọ orúkọ àwọn olùdìbò. A rí i pé iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ rere sì ni. Ẹni tí ó bá ń rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìbí tí ó ti gbó lọ́wọ́ kò ní kó iyán rẹ̀ kéré.

Báwo ni irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́? Ìwé kan wà tí í ṣe orísun. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ ẹni tuntun sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò, ibi iṣẹ́ wà, níbi tí a ti ń gba ẹ̀bẹ̀ àwọn ènìyàn tí a sì ti ń pín iṣẹ́ fún àwọn akọ̀wé. Kọ̀ǹpútà tí ó gbé ibi iṣẹ́ náà lè wà ní ọ̀nà jíjìn réré. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní cloud. Láàárín àwọn méjèèjì ni ìránṣẹ́ kan wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ṣọ́ orísun, kí ó sì máa gbé ohunkóhun tí ó bá yí padà níbẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ìránṣẹ́ yìí kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Faransé. Bí a bá ti rán an ni yóò jẹ́ ẹ. Kì í tún àṣìṣe ṣe. Ńṣe ni ó ń sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn Gun, àwọn Tori àti àwọn Nàgó ti ń gbé pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ti dàgbà kí ó tó wá kọ́ ìwé. Adéṣínà ni orúkọ ìdílé rẹ̀: adé ti ṣí ọ̀nà. Lórí ìwé ìbí rẹ̀, akọ̀wé tí ó kọ́ Faransé kọ Adéchina. Ní kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1975, tí a sì tún ṣe ní ọdún 1990 àti 2008, ó kọ́ láti kọ Adéshínà. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń fi àmì sí abẹ́ s, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe nínú ìwé yìí kí wọ́n lè bá wa kà á. Ìyá náà mú káàdì rẹ̀ jáde, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ síléètì, ó sì bi olùkọ́ pé: "Tíṣà, èwo ni orúkọ mi?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Bí olùkọ́ bá dákẹ́, ìyá náà yóò gbà pé eré ni ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì, pé ohun tí ó wà lórí káàdì ni òótọ́. Bí a bá sì ti fi káàdì kan so mọ́ ilé ìwòsàn, mọ́ ilé ìwé, mọ́ ìwé ìdìbò, ibi gbogbo ni yóò ti rí i pé èdè òun kò ní àyè.

Àléébù kejì fara sin ju èyí lọ. Nínú ìkọ̀wé Faransé, àmì tí ó wà lórí é tàbí è ń sọ irú fáwẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́. Nínú ìkọ̀wé Yorùbá, ohùn ni àmì orí ń sọ. Nítorí náà, akọ̀wé tí ó kọ Adéyèmi fún Adéyẹmí rò pé òun ti kọ ọ́ dáradára, nítorí pé è ni ó fi ń kọ ẹ. Ẹni tí ó kọ́ ìwé Yorùbá yóò ka è náà sí e tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, orúkọ náà yóò sì bàjẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmì kan náà ni, òfin méjì ni ó ń tẹ̀ lé. Ìránṣẹ́ wa kò sì mọ èyí tí a lò.

Ẹ̀kẹta ni ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ wo orúkọ Kẹ́hìndé. Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè mú ẹ kí a fi àmì sórí rẹ̀. A lè mú é kí a fi àmì sábẹ́ rẹ̀. A sì lè mú e lásán kí a fi àmì méjèèjì kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ, bí a kò bá kọ́kọ́ mú wọn bá ara wọn dọ́gba, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

A ó gbọ́ tí àwọn kan yóò sọ pé nọ́ńbà ti tó, kí a fi orúkọ sílẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ìbejì pọ̀ sí bíi tiwa, Táyéwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, àti ìlú kan. Nọ́ńbà nìkan ni ó dájú pé yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, kí a fi nọ́ńbà so ìwé mọ́ ìwé, kí a má fi orúkọ so ó. Ṣùgbọ́n a kì í fi nọ́ńbà pe ènìyàn ní ilé ìwòsàn. Àwọn tí ó ṣe ìlànà SCIM, èyí tí ẹgbẹ́ IETF tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 fún irú ìsopọ̀ yìí, mọ èyí dájú: wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àmì kan tí kì í yí padà, wọ́n sì ya àyè mìíràn sọ́tọ̀ fún orúkọ, àti òmíràn fún orúkọ tí a ó fi hàn. Àyè wà. Àwa ni a kò tíì béèrè fún un.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a tún gbogbo orúkọ kọ lẹ́ẹ̀kan náà. A kò fara mọ́ èyí pẹ̀lú. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí ilé ìwé rẹ̀ sọ pé Olatoundji kò lè jí ní òwúrọ̀ kan kí ó di Ọlátúnjí lórí káàdì nìkan. Wàhálà ni yóò bá a. Kí ìkọ̀wé tí òfin mọ̀ wà ní àyè tirẹ̀, kí ìkọ̀wé èdè wa sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti àwọn ọmọ tuntun ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ dáradára láti ọjọ́ kìíní.

Ohun kan ni ó kù tí àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Akọ̀wé onínúure kan lè tún orúkọ ṣe ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ní ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tí ìránṣẹ́ bá tún dé láti orísun, àtúnṣe náà yóò parẹ́, àṣìṣe yóò sì padà sí àyè rẹ̀. A kì í dúró ní ẹsẹ̀ odò kí a máa fi igbá tọ́ omi tí ó dàrú láti òkè. Níbi tí a ti ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ó mọ álífábẹ́ẹ̀tì wa jókòó ti akọ̀wé, kí bàbá ọmọ tó fi ọwọ́ sí ìwé.

Ní ti ìyá wa ní Avrankou, ìdáhùn tí ó yẹ kí a fún un kò gùn: "Ìyá, èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ni orúkọ yín. Èyí tí ó wà lórí káàdì ni bí ìjọba ti gbọ́ ọ." Iṣẹ́ tiwa ni kí a rí i pé ìjọba gbọ́ ọ dáradára.