Àwòrán Ohun Ojoojúmọ́: Láti Ìlọ́jọ Bar dé Kìṣí

Ìṣe àwọn ayafọ́tò ni láti máa wá ohun ńlá kiri: ọba lórí ìtẹ́, egúngún nínú agbo, ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ibùdókọ̀, ilé ọtí àti ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà kì í sábà wọ̀ wọ́n lójú, nítorí pé ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni irú nǹkan wọ̀nyí gan-an ni ó máa ń parẹ́ láìsí ẹni tí ó fura.

Àpẹẹrẹ kan tí kò ṣeé gbàgbé ni Ìlọ́jọ Bar, ní Tinúbú l'Ékòó. Ní nǹkan bí ọdún 1855 ni a kọ́ ọ, ní irú ìlànà ilé tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Bràsíílì. Ní 1933 ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá, ó sì di ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní oṣù September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin kò gbà á là. Àwòrán ni ó kù.

Amanda Iheme wà lára àwọn tí ó ya ilé náà kí ó tó wó. Ní 2023, ilé iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn mẹ́fà mìíràn tí iṣẹ́ wọn tan mọ́ Èkó. Akinbode Akinbiyi, tí a bí ní 1946, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹsẹ̀ ni Akinbiyi fi ń rìn ìgboro, àwòrán dúdú àti funfun ni ó sì ń yà. Ìwà pẹ̀lẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a yìn: kò sáré, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tí ń kọjá lọ sì gba ọ̀wọ̀ kan náà lójú rẹ̀ bí ọlọ́lá.

Àléébù ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ni pé Èkó ni ibodè rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkèèrè lè rò pé ìlú-ńlá nìkan ni ó ní ojú tí ó yẹ ní wíwò. Àwọn àgbà sì ti wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Kí ẹ wo Kìṣí ní Òkè-Ògùn, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irépọ̀. Igbó ọba tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí i. Láàrin ọdún 1830 sí 1840 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ní 1839 ni ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ọgbọ́n fọ́tò fún aráyé. Nítorí náà kò sí fọ́tò kan ṣoṣo tí ó lè fi hàn bí ọjà ọba ti rí nígbà tí èrò kún inú rẹ̀. Ìtàn ẹnu, ìwé Johnson àti àwókù odi ni ó ṣẹ́kù. Àìsí ọgbọ́n ni ó fa ti ìgbà náà; bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, àìbìkítà ni yóò fà á.

Ṣùgbọ́n yíyà nìkan kò tó. Àwòrán ilé ọtí kò lè sọ bóyá ọtí ọkà bàbà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tàbí ẹmu. Àwòrán ọkọ̀ akẹ́rù kò lè sọ ibi tí iṣu inú rẹ̀ ń lọ. Fọ́tò tí kò ní orúkọ, ọjọ́ àti ibi dàbí ọmọ tí a kò mọ ìdílé rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni èyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ya ọlọ́kadà ní oríta, kí ó bi í ní orúkọ oríta náà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè pè é bí àwọn ará ìlú ti ń pè é.